Aṣọ Funfun Inú Ààrò

Màmá kì í jókòó. Ẹ wo gbogbo fọ́tò tó wà nílé wa: gbogbo èèyàn ló fìdí lélẹ̀, Màmá nìkan ló wà lóòró, tí wọ́n di nǹkan kan mú lọ́wọ́: ife tíì, kọ́kọ́rọ́, ìgbálẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn ló bí bàbá mi. Wọ́n ta aṣọ ní Ìjẹ̀bú títí irun wọn fi funfun, kí wọ́n tó wá bá wa ní London, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì wà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Bí mo bá ní kí wọ́n jókòó sinmi, wọ́n á wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n lọ sùn síta.

"Ọkọ mi," wọ́n á ní, "ìdùbúlẹ̀ tó ń dúró dè mí gùn. Kí ni mo fẹ́ sáré bá a ṣe?"

Èmi náà ò lè jókòó mọ́ báyìí. Látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, mo ti dìde lọ wo fèrèsé, mo ti dìde lọ wo ilẹ̀kùn, mo ti gbé omi kaná tí n kò sì mu ún. Àwọn ẹbí ti ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa Màmá fún àdúrà Fídáù wọn, kí àwọn ọmọ lè kà á. Mo ní mo gbọ́. Fídáù kọjá, ọdún yípo, ìwé náà ṣì ṣófo. Ohun tó fà á ni pé Rọ̀fíátù, ìyàwó mi, ti ṣáájú Màmá lọ, n kò sì lè sọ̀rọ̀ ọ̀kan kí èkejì má dìde. Màmá ì bá gba àwáwí yẹn lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n bá rí mi tí mo ń kó aṣọ kúrò lórí okùn kó tó yá, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á tún un sá.

"Aṣọ tí kò gbẹ," wọ́n á ní, "a kì í ká a."

Ọwọ́ wọn ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Kò sí aṣọ tí Màmá lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọn ò ní fi àtàǹpàkò àti ìka ra á wò. Wọ́n ra aṣọ dókítà wò lára rẹ̀. Wọ́n ra kọ́tìnnì báńkì wò. Ní ọjà Beresford Square, òyìnbó kan wà tó ń ta aṣọ ibùsùn nítòsí ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró, ìjà òun àti Màmá kò sì tán láti ìgbà òtútù kan dé èkejì. Òyìnbó á kígbe pé òwú gidi ni. Màmá á ra á, wọ́n á fi itọ́ kan etí rẹ̀, wọ́n á tún ra á, wọ́n á wá yíjú sí mi.

"Sọ fún un pé ike ni."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Sọ fún un! Ike ni, bíi ike bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá sùn lé e á làágùn bí olè."

Mo túmọ̀ ìdajì rẹ̀. Òyìnbó náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní Mama fẹ́ ba ọjà òun jẹ́, ó sì mú ọsàn kan nínú oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, ó nà án sí wọn. Wọ́n gba ọsàn. Wọn ò ra aṣọ. Bí a ti ń gun òkè lọ sílé ni wọ́n ń bó ọsàn náà, tí wọ́n ń ju èèpo rẹ̀ sápò mi.

"Aṣọ kì í purọ́," wọ́n ní. "Ẹni tó ń tà á ni kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Kí a tó kó wá sí òkè Woolwich, Thamesmead West la gbé, nínú ilé alájà kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àwọn ilé ìkẹ́rù. Ọ̀kan nínú àwọn ilé ìkẹ́rù náà ti di ṣọ́ọ̀ṣì, orin wọn a sì máa dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ ìsinmi. Màmá fẹ́ràn orin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò gbà fún ẹnikẹ́ni. Mo ti rí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn tó ń bá a lọ nígbà tí wọ́n ń fọ abọ́. Ohun tí wọ́n kórìíra níbẹ̀ ni ọ̀rinrin. Ògiri yàrá wa a máa bu dúdú bíi búrẹ́dì tó ti pẹ́. A ó nù ún, á padà. Rọ̀fíátù sì ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bí mọ́ ọn, èyí tí òtútù máa ń jí, tí á wá wọ egungun rẹ̀ bí ẹni ń fi òòlù lù ú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tutù. Màmá á gbé agolo òrí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àga rẹ̀.

"Orogún, gbé ẹsẹ̀ wá."

"Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ọwọ́ yín le bíi ti bíríkìlà."

"Ọwọ́ tó le yìí náà ni ọkọ wa fẹ́ràn. Ṣé o ò rí i pé èmi ló máa ń kí kó tó kí ẹ?"

"Ẹ kúkú máa mú un lọ. Ẹ mú un lọ tòun ti híhanrun rẹ̀."

Èmi tí wọ́n ń pín á wà níbẹ̀, n ó máa wo tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tí kò gbọ́. Bí ìrora bá wá pọ̀ débi pé Rọ̀fíátù kò lè fèsì mọ́, Màmá kò ní dáwọ́ dúró. Wọ́n á máa fi òrí ra ẹsẹ̀ náà lọ, wọ́n á máa ra á bọ̀, ohùn wọn á rẹlẹ̀.

"Ẹsẹ̀ tó bá ti gbóná," wọ́n á ní, "ara tó kù á tẹ̀lé e."

Nítorí ẹsẹ̀ yẹn la ṣe kó lọ sínú ilé oníbíríkì àtijọ́ kan, lásìkò tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ fún ọkọ̀ ojú irin tuntun ní Woolwich, tí àwọn ilé gíga ń hù létí odò. Nínú pálọ̀ ilé náà, ààrò àwọn ará àtijọ́ wà nínú ògiri, níbi tí wọ́n ti ń dáná yá. Ẹni tó gbé ibẹ̀ ṣáájú wa ti fi pákó dí ojú rẹ̀, ó sì ti fi ihò kékeré kan sáàárín pákó náà kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Kò pẹ́ tí a débẹ̀ tí Màmá fi lẹ téèpù bo ihò náà pátápátá. Wọ́n ní òtútù ń gba ibẹ̀ wọlé wá kí àwọn. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́, a ò sì bi wọ́n mọ́.

Ní òtútù kejì, àbàwọ́n kan tó pọ́n bíi tíì yọ lára ògiri lókè ààrò. Mo fi ọ̀dà kùn ún, ó padà. Mo tún un kùn, ó padà, ó sì mú òórùn dání, òórùn eérú tí òjò pa. Rọ̀fíátù ló ní ká ṣí ààrò náà, ká gbé sítóòfù onígi sínú rẹ̀, kí ooru gidi wà ní pálọ̀ kí òtútù mìíràn tó dé. Lọ́dún yẹn, ìrora rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. Bí ó bá jáde ní ọsibítù, kò ní pẹ́ kó tó padà. Mo wá bíríkìlà kan, Múfútáù, ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé ní Connaught Estate. Gbogbo wa ti gbà. Màmá ni kò gbà.

"Ẹ má fọwọ́ kan ààrò yẹn."

"Kí ló dé, Màmá?"

"Mo ní ẹ má fọwọ́ kan án."

Múfútáù gbé irinṣẹ́ rẹ̀ dé, ó bá Màmá níwájú pákó náà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, wọ́n dúró gbọnin.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀."

"Ṣé nílé ìyá rẹ ni mo wà ni?"

Ó wò mí, mo wò ó, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ ó lọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bákan náà ni. Ewé ti ń pọ́n lórí igi. Mo bẹ Màmá, mo ṣàlàyé, mo bínú. Ẹni tí kì í dúró lójú kan wá di ẹni tó ń ṣọ́ ojú kan. Mi ò mọ bí mo ṣe lè fi ọwọ́ gbé ìyá bàbá mi kúrò níwájú ògiri.

Rọ̀fíátù ló rí i yanjú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó fa àga kan lọ síwájú ààrò, ó jókòó sí i, ó kọjú sí Màmá.

"Orogún, kí lẹ gbé síbẹ̀?"

"Kí ni mo gbé síbẹ̀?"

"Ẹni tó bá ń ṣọ́ ihò, nǹkan rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀."

Màmá wò ó, wọ́n wò mí. Wọ́n wá jókòó sórí apá àga tímùtímù, bí ẹni tí wọ́n yọ nǹkan kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Aṣọ mi ni," wọ́n ní. "Aṣọ Mẹ́kà."

Aṣọ ìsìnkú wọn ni. Lọ́dún tí wọ́n lọ Háàjì ni wọ́n rà á, òwú funfun, gbogbo rẹ̀ pé. Wọ́n fi omi Zamzam ṣàn án, wọ́n sá a sóòrùn Mẹ́kà títí ó fi gbẹ, wọ́n sì gbé e kiri látìgbà náà, láti Ìjẹ̀bú dé Thamesmead, fún ọjọ́ tiwọn. Nígbà tí a kó dé ilé tuntun, wọ́n fi ọ̀bẹ tú ìdè pákó ààrò, wọ́n gbé àpótí páànù tí aṣọ náà wà nínú rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n fi àkísà dí gbogbo àyíká rẹ̀, wọ́n sì lẹ téèpù.

"Ara ò le fún ẹ," ni wọ́n sọ fún Rọ̀fíátù. "Kò yẹ kí o máa ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kí ojú rẹ máa ṣe mẹ́rin pẹ̀lú aṣọ òkú."

Ẹ̀rín mú Rọ̀fíátù, ó rín títí ó fi ń wúkọ́.

"Màmá, ṣé ẹ rò pé n ó jí i wọ̀ ni?"

"Ṣé mi ò mọ̀ ẹ́ ni? Síkáàfù mi aláwọ̀ ewé dà?"

"Ẹ jẹ́ n wò ó ná. Ó lè bá mi mu o."

"Olè!" ni Màmá wí, wọ́n ti dìde, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. "Tèmi nìyẹn. Ìwọ lọ ra tìẹ ní Mẹ́kà!"

Bẹ́ẹ̀ ni Múfútáù ṣe padà wá tú pákó náà. Àkísà ló kọ́kọ́ ń fà jáde, gbogbo rẹ̀ tutù jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Dúdú èéfín ọjọ́ pípẹ́ ti já lulẹ̀ lé e lórí. Kò sí ìdérí lórí òrùlé, òjò ti ń gba ọ̀nà èéfín bọ̀ nílẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ kò sì ti rí ọ̀nà wọlé, omi náà kò rí ọ̀nà gbẹ. Ògiri ló ń mu ún. Ìdí àpótí páànù ti dógùn-ún, ó ti lu. Aṣọ náà wà nínú rẹ̀, ó ṣì funfun, àfi etí kan tó ti pọ́n, àwọ̀ kan náà pẹ̀lú àbàwọ́n ògiri tí mo ń fi ọ̀dà bò.

Màmá ra etí náà wò. Wọ́n gbé e lọ sí bàlùwẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sá a, wọ́n tún fọ̀ ọ́. Àbàwọ́n náà ṣí díẹ̀, kò lọ. N kò tíì rí ojú wọn bẹ́ẹ̀ rí, bí ojú ọmọdé tó fọ́ àwo.

"Gbogbo ayé mi," wọ́n ní, "mo ń sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n má kó aṣọ sí ibi tútù."

Ìjà kejì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ipò wa sì yí padà: èmi ni mo wá ń fẹ́ kí wọ́n tètè parí ààrò náà, Màmá ni kò jẹ́. Múfútáù ti gbá ọ̀nà èéfín mọ́ délẹ̀, ó ti gun òrùlé lọ fi ìdérí sí i. Ó fi ọwọ́ kan inú ààrò náà, ó mi orí.

"Ẹni tó ṣe èyí fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí ògiri àtijọ́ mí. Mo máa ha á kúrò títí kan bíríkì, ká fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Ìgbà yẹn la máa wá fi láìmù, ohun tí wọ́n fi ń rẹ́lé kí sìmẹ́ǹtì tó dé, rẹ́ ẹ, torí láìmù ń jẹ́ kí omi jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni páìpù irin á wọ ọ̀nà èéfín, òkúta á wà nísàlẹ̀, sítóòfù á jókòó."

"Ìgbà wo ló máa gbẹ?"

"Bọ̀dá, ìgbà tó bá gbẹ ni."

"Tí mo bá gbé ẹ̀rọ amúlégbóná sí i ńkọ́?"

"Ojú rẹ̀ lá gbẹ. Inú rẹ̀ á ṣì tutù. Tí a bá wá rẹ́ ẹ, àbàwọ́n yẹn á padà wá kí yín."

Ó ha sìmẹ́ǹtì kúrò, ó lọ. Ihò náà wà níbẹ̀ bí ẹnu tí kò léyín. Ìrora tún gbé Rọ̀fíátù lọ sí ọsibítù. Mo ń ti ibiṣẹ́ lọ sí ọsibítù, mo ń ti ọsibítù bọ̀ wá wo bíríkì, n kò lè dúró síbì kankan. Nígbà tí àwọn dókítà ní ó ń bọ̀ wálé lópin ọ̀sẹ̀, mo pe Múfútáù pé kó wá rẹ́ ẹ kíá, kó gbé sítóòfù sí i. Ó dé, ó ní ilé wa ni, ohun tí mo bá ní kó ṣe náà ni yóò ṣe. Màmá jáde láti kíṣìnnì. Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé bíríkì, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ náà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń yẹ aṣọ tí wọ́n sá wò.

"Kò tíì gbẹ."

"Màmá, Rọ̀fíátù ń bọ̀ wálé!"

"Mo mọ̀. Ṣé inú ọ̀rinrin Thamesmead lo tún fẹ́ dá a padà sí?"

Wọ́n gòkè lọ kó ẹrù wọn kúrò ní yàrá wọn, yàrá kan ṣoṣo tó gbẹ dáadáa nínú ilé, wọ́n tẹ́ ibùsùn ibẹ̀ fún Rọ̀fíátù. Màmá wá ń sùn ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Ní àràárọ̀, bí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán, àtẹ́lẹwọ́ wọn á lọ sára bíríkì, á ti ibẹ̀ lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò tíì gbẹ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni ń bẹ̀rù èsì ìdánwò. Títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ké sí mi wálẹ̀, tí wọ́n di ọwọ́ èmi alára mú, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

"Kí lo gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Màmá."

"Ó ti gbẹ nìyẹn."

Nígbà tí a dá iná àkọ́kọ́, Rọ̀fíátù bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n n kò rántí ìgbà tí mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ níhòòhò ní ìgbà òtútù rí. Ó nà án síwájú iná, ó ń mi àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Màmá dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní kó má sun ẹsẹ̀ tó jẹ́ ti ọkọ àwọn jóná. Gbogbo òtútù yẹn kọjá, kò sùn ní ọsibítù. Àbàwọ́n náà kò padà sára ògiri mọ́.

Kì í ṣe òtútù ló mú Rọ̀fíátù lọ. Ìgbà ooru ni, nígbà tí sítóòfù ṣófo tí fèrèsé wà ní ṣíṣí. Àyà ló mú un, ó sì yára. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí tí yóò wẹ̀ ẹ́ wá bá wa nílé láti mọ ohun tó kù. Wọ́n ní aṣọ wà lọ́wọ́ àwọn. Màmá gòkè lọ. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, àpótí wà lọ́wọ́ wọn. Gbogbo wa mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti yọ ọ́ nínú ààrò, orí kọ́bọ́ọ̀dù ló ń gbé, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń rí i.

"Àlàájà," ni ọ̀kan nínú wọn wí, "tiyín mà ni. Ẹ ti tọ́jú rẹ̀ láti Mẹ́kà."

"Èmi ni mo rà á," Màmá ní. "Kì í ṣe èmi ni wọ́n hun ún fún."

Wọ́n ṣí i lójú wa. Wọ́n wá etí tó pọ́n náà rí, wọ́n ra á láàárín àtàǹpàkò àti ìka, wọ́n nà án sí obìnrin náà kó lè rí i dáadáa.

"Ibi tí èéfín kàn nìyí. Ẹ yí i sí ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń tutù."

Lẹ́yìn náà, mo ní kí Màmá jẹ́ kí n bá wọn wá òmíràn láti Mẹ́kà. Èèyàn ń lọ, èèyàn ń bọ̀, kò le. Wọ́n ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń rìn láàárín ilé náà ni wọ́n ń rìn, láti kíṣìnnì dé pálọ̀, láti pálọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń gbé ife tí kò sẹ́ni tó mu ún. Wọ́n ń pe Rọ̀fíátù ní olè. "Olè yẹn," wọ́n á ní, bí wọ́n bá rí síkáàfù aláwọ̀ ewé náà, wọ́n á sì ká a padà síbi tó wà.

Ìgbà òtútù ni Màmá lọ, ní àárọ̀, lórí ìrun, bí ẹni tí kò fẹ́ jókòó dè é. Nítòsí Beresford Square ni mo ti ra aṣọ tiwọn, aṣọ tuntun, kò tí ì rí Mẹ́kà rí. Mo fi àtàǹpàkò àti ìka ra á kí n tó sanwó. Òwú ni. Ó mọ́ tónítóní, kò sí àbàwọ́n kankan létí rẹ̀, ó sì tutù bíi yìnyín nítorí òtútù tó fẹ́ lù ú nínú àpò bí mo ṣe ń gbé e gun òkè wá sílé.

Mo dáná sí sítóòfù. Mo jókòó síwájú rẹ̀, èmi tí n kò lè jókòó, mo tẹ́ aṣọ náà sí itan, mo ń yí i lọ, mo ń yí i bọ̀, títí ooru fi wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo fi kóòtù bò ó, mo sáré gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí. Obìnrin tó gba tìyàwó mi náà ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ó dúró, ó wò mí.

"Ó mà gbóná."

"Ẹ fi ibi tó gbóná jù sí ẹsẹ̀ wọn," mo ní. "Ara tó kù á tẹ̀lé e."